Open Yale Courses nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Èkìtì

Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Láàárín oṣù mẹ́jọ tí koríko fi ń hù lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ti padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìkọ̀lé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ohun kan wà tí a lè máa gbọ́, kí gbogbo ohun tí ẹ ti kọ́ wa má baà fò lọ?” Tíọ́rì lítíréṣọ̀, ìyẹn oríṣiríṣi ojú tí a lè fi wo ìtàn àti ewì, ni mo ń kọ́ wọn. N kò fẹ́ fi orúkọ ìwé tí wọn kò lè rà dá wọn lóhùn, nítorí náà mo lọ wo àkójọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Yunifásítì Yale gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Open Yale Courses, èyí tí mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ tipẹ́ tí n kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Láti ìgbà náà wá ni mo ti ń lò ó, mo sì gbà pé mo ti lò ó pẹ́ tó láti sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka áàtì níbí.

Ìlú New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ni Yale wà. Oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni wọ́n ṣí àkójọ yìí fún gbogbo ayé pẹ̀lú owó ìrànwọ́ àjọ William and Flora Hewlett Foundation, Ọ̀jọ̀gbọ́n Diana Kleiner, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Róòmù àtijọ́, ló sì darí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé kámẹ́rà wọ yàrá tí olùkọ́ ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, wọ́n gba kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, wọn kò sì fi orin tàbí àwòrán aláràbarà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Bí olùkọ́ bá wúkọ́, ẹ ó gbọ́ ọ. Kọ́ọ̀sì tó lé ní 40 ló wà níbẹ̀, ti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì àti ti ètò ọrọ̀ ajé wà lára wọn, ṣùgbọ́n ibi tí lítíréṣọ̀, ìtàn, ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò wà ni ọwọ́ rẹ̀ ti dùn jù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, wọn kì í ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ọ, wọn kì í sì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá ń wá ìwé tí yóò fi wá iṣẹ́, kó má wulẹ̀ yà síbẹ̀.

Ohun tó mú mi dúró ti àkójọ yìí, nígbà tí irú rẹ̀ pọ̀ lóde, ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà lo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Fídíò wà, ohùn lásán wà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ náà sọ sì tún wà ní kíkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lè má ka ìyẹn sí bàbàrà. Níhìn-ín tí iná lè lọ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kó má padà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìpín 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín fídíò ìṣẹ́jú 50 àti ohùn ìṣẹ́jú 50 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ iṣẹ́ àti èyí tó ní dátà òun ti tán. Ọ̀rọ̀ kíkọ náà kò sì ju kí ènìyàn ṣí ojú ewé kan lọ. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ìwé bíi mẹ́rìnlá, kí n fún aṣojú kíláàsì ní ẹ̀dà kan, òun ni yóò sì mọ bí yóò ṣe ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ fún àwọn tó kù. Ká ní fídíò nìkan ni wọ́n gbé síbẹ̀ ni, n kò bá má kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kọ́ọ̀sì tí mo lò jù ni ENGL 300, èyí tó dá lórí tíọ́rì lítíréṣọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Fry kọ́ ní ọdún 2009. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 26 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú 50 tàbí kó dín díẹ̀. Ó mú àwọn onítíọ́rì Rọ́ṣíà tí wọ́n gbájú mọ́ ìhun, ó mú Saussure onímọ̀ èdè àti ìmọ̀ nípa àmì, ó mú Derrida onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, Freud tó kọ nípa ọkàn ènìyàn, tíọ́rì Karl Marx, ìṣègbèfábo tó ń wo ipò obìnrin, lítíréṣọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, títí ó fi dé tíọ́rì nípa ìgbà tí ìmúnisìn ti kọjá. Ẹni tó bá mọ kọ́ọ̀sì tí à ń kọ́ ní ọdún kẹta ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì tàbí ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa yóò rí i pé ó bá tiwa mu dáadáa.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó nínú kíláàsì, ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tan fídíò kan láti ìbẹ̀rẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó ti ríṣẹ́ gbé fún ẹlòmíràn. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé ń pariwo ju Fry lọ, sípíkà tí mo gbé wá kò ju àgolo mílíìkì lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ọgọ́rin sì ń na ọrùn. Fry kì í kánjú sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ gùn: ó lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, kó yà síbi kan, kó tún ti ibẹ̀ yà síbòmíràn, kó tó wá padà wá parí ohun tó ń sọ. Nígbà tí yóò fi tó ogún ìṣẹ́jú, àwọn tó wà níwájú ń gbìyànjú, àwọn tó wà láàárín ń tẹ fóònù, àwọn ẹ̀yìn ti gbé orí lé tábìlì. Fry kọ́ ló jẹ̀bi, èmi ni. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe fún àwọn tó jókòó síwájú ẹni kì í ṣe ohun tí a kàn ń da sí etí ẹlòmíràn bí omi.

Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ti ka ọ̀rọ̀ kíkọ wá láti ilé. Mo máa tan ohùn sí ibi tí mo fẹ́, mo máa dá a dúró, a máa bá a jà, kí n tó tún tan òmíràn. Báyìí ni mo ṣe rí i pé ohun tó dára jù nínú kọ́ọ̀sì náà ni ọgbọ́n kan tí Fry dá. Ó mú ìwé ìtàn kékeré kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà, nípa ọkọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fa àwọn ọkọ̀ tó bàjẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ wá há sọ́nà, tí ọkọ̀ méjì kọ̀ láti dúró tì í kí ẹ̀kẹta tó ràn án lọ́wọ́. Ìtàn yìí kan náà ló ń fi dán àwọn tíọ́rì wò káàkiri kọ́ọ̀sì náà, ẹ ó sì rí bí ìtàn tí ọmọdé lè kà tán ní ìṣẹ́jú méjì ṣe ń yí ojú padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé dígí mìíràn síwájú rẹ̀.

Mo jí ọgbọ́n náà lò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò mọ ọkọ̀ tí Fry ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo kó lè lóyún, tí ikùn Ìjàpá fúnra rẹ̀ sì wú. Àlọ́ yìí ni a fi ṣe ọkọ̀ tiwa láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé ìparí sáà. A wo ìhun rẹ̀, a wo orin inú rẹ̀ àti ibi tó ti ń padà wá, a wo ọ̀rọ̀ ajé inú rẹ̀, ìyẹn ẹni tó sanwó oògùn àti ẹni tó jẹ ẹ́. Nígbà tí a dé orí ìṣègbèfábo, ọmọbìnrin kan láti Ẹmùrẹ́ dìde, ó ní, “Sà, gbogbo ìgbà tí ìyá àgbà bá pa àlọ́ yẹn fún wa, orí ikùn Ìjàpá ló ń parí sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí bóyá Yánníbo padà rí ọmọ bí.” Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Mo ti ń gbọ́ àlọ́ náà láti kékeré, n kò béèrè rí. Ọkọ̀ Fry ló bí ìbéèrè yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí Ìjàpá ní New Haven.

Bákan náà ni a ṣe nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Saussure, níbi tí Fry ti ṣàlàyé pé kò sí ohun tó so ìró ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún ju pé àwọn tó ń sọ èdè náà gbà á bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé máa ń fi èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ. N kò nílò kí n rìn jìnnà: mo ní kí ẹni tó wá láti Ọ̀yọ́ pe ibi tó ń gbé, ó ní “ilé”; mo ní kí ẹni tó wá láti Ìdó-Èkìtì pè é, ó rẹ́rìn-ín kó tó ní “ulé”. Ojú ń tì í láti sọ ẹ̀ka èdè rẹ̀ nínú kíláàsì, àfi ìgbà tó rí i pé òun ni ẹ̀rí tí à ń wá.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 21 àti 22 ni mo máa ń fi àyè sílẹ̀ fún jù. Nínú èkíní, Henry Louis Gates àti Toni Morrison, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà méjì, ni Fry gbé yẹ̀wò. Nínú èkejì, Edward Said àti Homi Bhabha, tí wọ́n kọ nípa ìmúnisìn. Níbi tí orúkọ Gates bá ti jáde ni mo ti ń pa ohùn náà, tí mo sì ń fi kún un lára ohun tí mo mọ̀: pé Gates, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Cambridge, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1988 tó fi Èṣù Ẹlẹ́gbára ṣe ìpìlẹ̀ tíọ́rì rẹ̀ nípa bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ èyí, ohùn kan ti ẹ̀yìn dáhùn: “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé Èṣù tí à ń lé ní ìṣọ́ òru náà ni?” Ẹ̀rín pa gbogbo wa, ṣùgbọ́n wákàtí tó kù lọ́jọ́ náà ni a fi sọ bí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ṣe sọ Èṣù di orúkọ Bìlísì, àti bí ó ṣe jẹ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà ló wá rí i bí onítumọ̀ àti ọ̀gá oríta. A kò padà sórí Fry mọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Àwọn kọ́ọ̀sì tó kù, mo yẹ wọ́n wò ju bí mo ṣe lò wọ́n lọ. Ti Shelly Kagan lórí ikú, tó kọ́ ní ọdún 2007, gbajúmọ̀ gan-an, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: ọkùnrin náà ká ẹsẹ̀ jọ sórí tábìlì bí àgbà tó jókòó sórí ẹní, ó ń bá àwọn ọmọ náà sọ bóyá ọkàn wà tàbí kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí pé kí ni wọ́n máa ṣe fún mi ní ẹ̀ka wa bí èmi náà bá jókòó báyẹn. Ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà láti ìgbà ìdáǹdè, tí Jonathan Holloway kọ́ ní ọdún 2010, ni ẹ̀gbọ́n mi kan ní ẹ̀ka ìtàn ń lò, ó ní kò sí ìwé tó fi í ṣe ẹlẹgbẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì. Ti Christine Hayes lórí Májẹ̀mú Láéláé náà dára, àmọ́ kí olùkọ́ múra sílẹ̀ dáadáa kó tó tàn án níbí, nítorí pé bí ẹni ń ka ìwé ìtàn àtijọ́ ló ṣe ń ka Ìwé Mímọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ló sì ń ṣe olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ìjọ wọn.

Ti Craig Wright lórí bí a ṣe ń gbọ́ orin, tó kọ́ ní ọdún 2008, kò tẹ́ mi lọ́rùn fún ìlò tiwa. Olùkọ́ náà mọ iṣẹ́, ó sì ń dá àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n orin àwọn òyìnbó ni púpọ̀ rẹ̀ dá lé. Ẹni tí etí rẹ̀ ti gbọ́ bí ìyáàlù ṣe ń fi ohùn mẹ́ta sọ̀rọ̀ yóò máa dúró de ìgbà tí ẹnì kan yóò béèrè pé kí ló dé tí ìlù lè pe orúkọ ènìyàn, ìgbà náà kò sì dé. Ti Kleiner lórí ilé kíkọ́ Róòmù náà rí bẹ́ẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀, mo kọ́ ọgbọ́n bí ó ṣe ń wo ògiri kan tí ó sì ń ka agbára ọba lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ni mo ń rò, èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tó fi aṣojú ìjọba òyìnbó tí wọ́n gbé wá nínú hámọ́ọ̀kì hàn níwájú ọba, tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1924, tó sì wà ní British Museum dòní. Ẹ̀kọ́ agbára wà lára ìyẹn náà, ó tó wákàtí kan dáadáa.

Èyí ni àléébù rẹ̀ tó tóbi jù: nínú kọ́ọ̀sì tó lé ní 40, kò sí ẹyọ kan tó dá lórí ìtàn, èdè tàbí lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn àléébù tó kù kò tó ìyẹn. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ìwé tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà, ṣùgbọ́n ìwé náà fúnra wọn kò sí níbẹ̀, ìwé kíkà Fry sì jẹ́ ìwé ńlá kan tí owó rẹ̀ ga ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa lè dá lé. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Yale bá béèrè ìbéèrè, a kì í sábà gbọ́ ọ. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ á kàn fi hàn pé òun kò gbọ́ ohun tó sọ, a ó sì máa fi ìdáhùn olùkọ́ mọ ìbéèrè. Bákan náà, púpọ̀ nínú àwọn kọ́ọ̀sì náà ti ju ọdún mẹ́wàá lọ. Èyí kò pa ẹni tó ń kọ́ nípa Dante tàbí Saussure lára, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn onítíọ́rì ń sọ lónìí yóò wá a síbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ rẹ̀ yẹ kí olùkọ́ mọ̀. Lábẹ́ àṣẹ Creative Commons tí wọ́n fi sí i, a lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a lè gé e, a lè fún ẹlòmíràn, bí a bá ti dárúkọ ibi tó ti wá, tí a kò tà á, tí ohun tí a sì ṣe láti inú rẹ̀ wà lábẹ́ àṣẹ kan náà; àwọn àwòrán tó jẹ́ ti ẹlòmíràn nínú rẹ̀ ni kò sí lára àṣẹ náà. Nítorí èyí ni mo ṣe lè kó ohùn gbogbo kọ́ọ̀sì Fry sínú fláàṣì kan, kí ó máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì láì náni ní dátà. Nítorí èyí kan náà ni inú mi kò fi dùn nígbà tí mo rí ọmọkùnrin kan tó ń kó o sínú mẹ́mórì káàdì tó ń tà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu géètì. Mo ní ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi í ṣe, kò gbọdọ̀ tà á. Ó ní, “Dádì, káàdì ni mò ń tà, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni mo fi ṣe ènì.”

Máàkì méje nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Kí olùkọ́ tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ mú un, kó gé e wẹ́wẹ́, kó fi tirẹ̀ kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ dá lò ó, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kíkọ kó tó gbọ́ ohùn, kó má sì ná dátà sórí fídíò àfi ti Kleiner, tí kò ṣe é lóye láìsí àwòrán.

NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì wa, ti là á sílẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun rẹ̀ pé ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni òun yóò là kalẹ̀ fún yunifásítì, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ìpín 30 tirẹ̀ kún un. Inú ìpín 30 yẹn ni èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun tí kò sí nínú àkójọ Yale. Ní sáà tó kọjá, a lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń sun alámọ̀, ewì alohùn àwọn obìnrin Èkìtì, a gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, a fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí a má ya ojú òun, nítorí náà kò sí fídíò. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni, ó sì gba akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a ní láti padà lọ bi í léèrè. Nínú fláàṣì kan náà tí ohùn Fry wà ni mo kó o sí, ohùn lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ lọ́tọ̀.